Ọ̀rọ̀ Tó Há sí Alágbàfọ̀ Lọ́fun

Aṣọ fífọ̀ ló ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìdí mọ́tò lọkàn rẹ̀ wà. Láti kékeré ni òun àti bàbá rẹ̀ ti ń tú ọkọ̀ ilé wọn palẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, tí wọ́n á tún un tò. Eré ni wọ́n fi ń ṣe. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá, ó lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo lè wá, sà."

"Sátidé mẹ́ta ni màá fi wò ọ́. Bó ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, padà sídìí áyọ́ọ̀nù ẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó tún bíréèkì ṣe, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀. Ó máa ń nu súpánà kó tó dá a padà, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Alágbàfọ̀.

Ní Sátidé kejì, màmá arúgbó kan gbé ọkọ̀ wá. Bátìrì rẹ̀ ti kú fin-ín. Alágbàfọ̀ lanu kó sọ 'kú', ọ̀rọ̀ há.

"Ó... ó sùn ni, mà."

Màmá ní bó bá ṣe oorun ni, kí wọ́n sáà bá òun tì í. Wọ́n tì í, ó dún, ó lọ.

Sátidé kẹta, màmá padà dé tìbínú-tìbínú. "Oorun yẹn ò mà jí o! Àárín títì ló já èmi arúgbó sí!"

Àwọn mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. "Ó kù díẹ̀ kó ní ó wàjà. Kábíyèsí bátìrì!"

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó fa Alágbàfọ̀ sí kọ̀rọ̀. "Mo gbọ́ nípa bàbá ẹ, mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n 'ẹ kú iṣẹ́' ni wọ́n fi kí ọ láàárọ̀, o sì dá wọn lóhùn. Ẹni tí ò lè sọ òótọ́ fún ọlọ́kọ̀ ò lè bá mi ṣiṣẹ́. Lọ sọ ọ́."

Ó rántí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní bàbá ń sinmi. Òun àti ìyá rẹ̀ jókòó odindi wákàtí kan, wọ́n ń retí kó jí.

Ó lọ bá màmá.

"Ẹ má bínú, mà. Bátìrì yín ti kú. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti kú. Èmi ni mi ò sọ."

Màmá rí omi lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ọmọ mi, torí bátìrì lò ń sunkún?"

"Rárá, mà."

Ọ̀gá pariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Alágbàfọ̀! Wá gbé tuntun fún wọn. Sátidé tó ń bọ̀, aago méje ni o, má pẹ́ dé!"