Ohun Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Sẹ́yìn Ààrò Ìyá Mi

Òórùn amọ̀ ilé ikán ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, nílé wa ní àdúgbò Crusher. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbóòórùn rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n: ó dà bí òjò àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀ gbígbẹ. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló ti Ìjùmú dé, tó ru agbọ̀n amọ̀ tútù wọ àgbàlá. "Òkun o," ló kí wa bí wọ́n ṣe ń kíni lọ́hùn-ún, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Òjò ti jẹ ògiri ẹ̀yìn ààrò ìyá mi, bàbá mi sì ti ra táìsì funfun díẹ̀ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ bíríkìlà kan. Ohun tí a ó lẹ táìsì náà mọ́ ló kù. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí àwọn ìyá ìjọ wá jẹun nílé wa, ìyá mi sì ti fọ́nnu táìsì yìí fún wọn dé ọjà Kpata.

Ìyá àgbà ní amọ̀ yẹn ni ká fi mọ ògiri náà. Èmi Fúnkẹ́ ní rárá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kìíní, kò sì sí ohun tí mi ò mọ̀ láyé nígbà náà. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé pé igi kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Mo bá fa ọmọrogùn yọ nínú ẹ̀kọ tó ń hó, mo na ìdí rẹ̀ sí ìyá mi.

"Màmá, ẹ dì í mú. Ṣé ó gbóná?"

"Kò gbóná."

"Pákó ni kí ẹ fi sẹ́yìn táìsì."

Ìyá àgbà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ti ọmọrogùn yẹn bọ iná fún mi, Tíṣà, kí n wò ó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé táìsì ló máa kọjú síná, kì í ṣe pákó. Ìyá mi, tí kò kọjá ìwé kẹta, ń wò mí bí ẹni pé mo jọba. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣe ti ọmọ yìí." Káfíńtà kan pákó, wọ́n fi sìmẹ́ńtì lẹ táìsì mọ́ ọn. Ó ń dán gbinrin.

Lójoojúmọ́ láti ìgbà náà ni mo ń rí Ìyá àgbà tó ń wọ́n omi sórí amọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń fi àpò bò ó. Mo sọ fún ìyá mi pé ó jọ pé Ìyá àgbà ti ń ṣarán.

Ọjọ́ Àìkú pé. Àwọn ìyá ìjọ jókòó sí àgbàlá, ìrẹsì ń hó lórí iná ńlá. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn pákó tó ń jó, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ igi ìdáná ló ń rùn. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín táìsì. Ọ̀kan ró pá, ó já sínú ìkòkò ìrẹsì. Méjì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò yọjú wo ìkòkò, ó ní, "Ìyá Fúnkẹ́, ẹja wo rèé tó funfun báyìí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Ìyá àgbà da omi sí i, ó fa pákó dúdú náà jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí àpò kúrò lórí amọ̀. Ó ṣì tútù bí ọjọ́ tó dé.

"Tíṣà, bọ́ bàtà. Wá fẹsẹ̀ pò ó."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìyá yìí ò ṣarán. Èmi ló ti ń dúró dè. Mo pò ó títí orúnkún fi ń ro mí. Ìyá mi jáde, ó gbé ife omi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Tíṣà mi," ló bá fi ẹ̀rín sí i.

Ògiri tí a fi amọ̀ náà mọ kò yẹ̀ títí a fi kó kúrò nílé náà. Èmi wá di tíṣà lóòótọ́. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ wọn. Bí mo bá dé ibi igi àti ooru, ṣe ni mo máa ń yára kọjá. Lọ́dún tó kọjá, bíríkìlà tó ń bá mi lẹ táìsì sẹ́yìn sítóòfù bi mí pé, "Mọ́mì, kí la ó fi sẹ́yìn rẹ̀?" Mo ti la ẹnu. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ti dìde nínú mi, tòun tọmọrogùn lọ́wọ́. Mo pa ẹnu dé.

"Má bi mí," mo ní. "Tíṣà ni mí."