Ọjọ́ Tí Daddy Gbé Wa Lọ Wo Pẹ́pẹ́yẹ

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí o bá gbọ́ pé Daddy ti gbé tọkọtaya kan lọ wo pẹ́pẹ́yẹ, kí o yáa mọ̀ pé ilé tọkọtaya náà ti ń jó. Àgbà ìjọ ni Daddy, ọmọ Ṣàgámù. Nílùú Òyìnbó níbí, bọ́ọ̀sì Oxford Road ni wọ́n ń wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Daddy kì í parí ìjà nínú ilé. Wọ́n ní nínú ilé, bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, ọkọ á rántí pé òun fẹ́ pe ẹnìkan lórí fóònù, ìyàwó á rántí ìkòkò tó wà lórí iná. Nínú mọ́tò, kò síbi tí ẹnikẹ́ni máa gbà. Torí náà wọ́n á kó tọkọtaya sẹ́yìn, wọ́n á gba ọ̀nà ìgbèríko lọ síbi tí omi àti ẹyẹ wà, wọn kò sì ní yí padà àfi bí ìjà bá parí. Mo ti fi irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Àárọ̀ Sátidé kan ni ó kàn wá. Mo ń mu tíì lọ́wọ́ nílé wa ní Swinton nígbà tí mo gbọ́ fèrè mọ́tò Daddy nísàlẹ̀. Mo yíjú sí ìyàwó mi; ó ti wọ kóòtù. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún méje, ti wà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìyàwó mi ti fẹjọ́ mi sùn, ó ti ṣètò ohun gbogbo, èmi nìkan ni n kò mọ̀, bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí àgbàlagbà máa fọn fèrè nísàlẹ̀ ilé òun láìdáhùn? Mo wọ bàtà.

Ẹjọ́ wa kò gùn. Ìyàwó mi ló wá kàwé ní yunifásítì, èmi àti ọmọ tẹ̀ lé e wá. Nínú físà, ẹni tó gbára lé ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n kọ mí sí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé girama ni mí, jọ́gíráfì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Níbí, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trafford Park, páálí bàtà ni mò ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ tí kò tó àbúrò mi ìkẹyìn á sì máa pàṣẹ fún mi. Àdéhùn wa ni pé bí ìyàwó mi bá ti kàwé tán, a ó padà sílé. Ó kàwé tán, ilé ìwòsàn kan fún un níṣẹ́, ó ní òun kò lọ síbì kankan mọ́, ọmọ náà kò sì lọ. Ọ̀gá mi nílé ti wá pè mí pé bí òun kò bá gbọ́ títí di ọjọ́ Ajé pé mò ń bọ̀, wọ́n á fi ẹlòmíì sípò mi. Mo lè dá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ lọ máa wò nílé láìsí ọmọ mi? Àjò kò lè dùn kó dùn, kí onílé má relé. Mo fẹ́ kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yìn," ni Daddy sọ. A wọlé sẹ́yìn. Mo rọra fa ọwọ́ ilẹ̀kùn wò nígbà tí a kúrò ní Swinton, kò ṣí. Daddy rí mi nínú dígí.

"Tíṣà, kò ní ṣí láti inú o. Torí àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo ṣe lock ẹ̀. Fara balẹ̀."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀kùn ló ń bà mí lẹ́rù, fìlà Daddy ni. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà. Wọ́n á gbọ́ tọ̀tún, wọ́n á gbọ́ tòsì, wọn kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á sì bẹ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó gbà. Àgbà tó tó bàbá ẹni lọ́mọ, kó ṣí fìlà bẹ èèyàn, kí èèyàn ní òun kò gbà? Bàbá mi ì bá jí láti inú sàréè wá gbá mi létí. Bí Daddy bá ti lè ṣí fìlà sí mi, ọ̀rọ̀ ilé ti tán. Ojú mi kò kúrò lára fìlà yẹn ní gbogbo ọ̀nà. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ nu iwájú orí, àyà mi á já.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Daddy, ẹ bá mi bi ọkọ mi, kí ni wọ́n gbàgbé sílé? Ọmọ ti settle sí school. Èmi rí job tó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀?" Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn ilé fi tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí ilẹ̀ àbàtà fi bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ dúdú, omi dúdú, koríko gíga tó tẹ̀ sápá kan. Mo lanu láti fèsì, Daddy ní, "Dúró, ó máa kàn ẹ́." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kàn mí, a ti débi tí wọ́n ń lọ.

Ahéré onípákó kan ni, tí wọ́n kọ́ sétí omi fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ. Òyìnbó obìnrin kan ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú awò tó fi ń wo òkèèrè. Bí mo ṣe ní "Daddy, tèmi ni pé," ó fi ìka lé ètè. Báyìí ni ẹjọ́ mi ṣe kú sí ọ̀nà ọ̀fun. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, èmi láàárín, a ń fi ihò pákó wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa àbàtà, mo débẹ̀ tán, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọhùn.

Daddy sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí: "Three years ni mo ní mo máa lò nígbà tí mo dé. Ó ti di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n." Mo rò pé wọ́n ń fọ́nnu ni.

Láti ibẹ̀ a wọ ọ̀nà Cheshire. Ilẹ̀ ga díẹ̀, oòrùn yọ, mo sì rí ọgbà àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́, tí wọ́n dè mọ́ wáyà. Ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ sọ pé ilẹ̀ tó móoru ni àjàrà ti ń so. Ara tún wá kan mí: irọ́ ni mo ti ń kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí? A kì í mutí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí náà omi èso àjàrà lásán ni Daddy rà fún wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti bi ẹni tó ń tà á lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé kò sí ọtí níbẹ̀.

Láàárín ọ̀wọ́ àjàrà méjì ni wọ́n ti dúró, wọ́n kọjú sí wa. Wọ́n gbé ìgò wọn sílẹ̀ sórí koríko. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n ṣí fìlà.

"Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan," ni wọ́n sọ.

N kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn dé gbólóhùn kejì. Mo ti dọ̀bálẹ̀ lórí koríko tútù. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dé fìlà yín. Ẹ má bẹ̀ mí. Mo ti gbà. A ò lọ mọ́. Ibí náà la máa wà."

Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀ pé mo ṣe bí ọmọlúàbí, pé n kò jẹ́ kí àgbà bẹ̀ mí kí n tó gbà. Ṣùgbọ́n Daddy kò dé fìlà.

"Tíṣà," wọ́n ní, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀, "ta ló ní ìwọ ni mo fẹ́ bẹ̀? Ìyàwó ẹ ni mo fẹ́ bẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ jọ máa lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta tí wọ́n sọ fún mi níwájú àwọn pẹ́pẹ́yẹ wá yé mi nígbà náà. Ẹ̀dùn ọkàn ni, mo pè é ní ìfọ́nnu. Ìyàwó mi ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín." Daddy fà mí dìde, wọ́n wò mí lójú.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ṣì lè sọ pé rárá. Ọkàn mi ń pariwo pé kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé rẹ̀ ń kán sí mi lọ́wọ́, mo sì ti sọ ọ́ níwájú àgbà pé mo gbà. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

"Ó dá mi lójú, sà."

Wọ́n dé fìlà wọn. Wọ́n gbé wa padà sí Swinton. Ìyàwó mi sùn sí mi léjìká.

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n ní ká sinmi níbi iṣẹ́, mo pe ọ̀gá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ní n kò bọ̀ mọ́. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí n máa gbàdúrà fún àwọn. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi ń din dòdò, ó ń kọrin. N kò tíì gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan.

"Ẹ yà mí lẹ́nu ní Sátidé o," ó ní. "Nígbà tí mo rí i pé èmi ni Daddy ń wò bí wọ́n ṣe ṣí fìlà, mo ti sọ nínú mi pé ó ti parí nìyẹn. Àbí ta lèmi tí màá kọ̀ fún wọn? Tí kì í bá ṣe pé ẹ tètè sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá ti máa di ẹrù wa báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe níwájú rẹ̀.