Mo Lọ Wo Rédíò Ọmọ Mi ní Kùmásí

Ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ètè mi ti ya kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, eruku sì bo ewé máńgòrò iwájú ilé bí ẹni ku èlùbọ́ sí i. Mo fi òrí pa ẹsẹ̀, mo we gèlè mọ́ etí, mo sì tún fọwọ́ kan etí ìró mi wò. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.

Nítorí kọ́kọ́rọ́ yìí ni mo ṣe rin ìrìn náà. Ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Fante New Town, ní Kùmásí, níbi tó ti ń ta èròjà kẹ̀kẹ́ títí ó fi kú. Ìgbà tó kú ni mo padà sílé, à ń fi ṣọ́ọ̀bù náà háyà, ohun tó ń wọlé níbẹ̀ ni mo sì fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó háyà rẹ̀ kẹ́yìn kó jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò tíì so ó mọ́ ìró dáadáa tí ènìyàn méjì fi ń bẹ̀ mí sí i. Ìkíní ni obìnrin kan tó fẹ́ máa ta ẹja inú yìnyín níbẹ̀. Ìkejì ni Ràímì, ọmọ mi tí mo bí sí Kùmásí, tó dá rédíò sílẹ̀ nínú yàrá kan ní àdúgbò Santasi níbẹ̀. Onílé ti ní kó kó jáde kí oṣù tó parí. Bí mi ò bá fún un ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, rédíò parí nìyẹn.

Ǹ bá ti fún un tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní orin kọ́ńtìrì nìkan ni rédíò náà ń kọ, orin àwọn òyìnbó alákẹtẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń da màlúù. Ìlú tó tóbi tó Kùmásí, kí ni wọ́n fẹ́ fi orin darandaran ṣe? Mo ní kò burú, n ó wá fi ojú ara mi wò ó.

Àlàájì Sùlè ni awakọ̀ tó máa ń kó àwa ará ilé lọ sí Gánà.

"Ìyá, òkú ni àbí ìkómọ?" ó bi mí bí mo ṣe ń wọkọ̀.

"Rédíò ni mo ń lọ wò."

"Rédíò!" Ó kọjú sí àwọn èrò. "Ẹ gbọ́ o. Àbí wọ́n ti jí ti Ìyá lọ ni?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dé bọ́dà. A kọjá Kútọnu, a kọjá Lomé; ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan wọ́n á ní kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a fẹsẹ̀ rìn kọjá, kí a tún wọ ọkọ̀ kan náà. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn wà fún. Ọ̀nà Gánà tẹ́jú ju tiwa lọ títí a fi kúrò ní Ákírà, tí a bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe, tí eruku pupa sì pa wá láró. Mo jẹ kẹ́ńkè lọ́nà, ìyẹn àgbàdo kíkan tí wọ́n fi háhá àgbàdo dì, sídì mẹ́wàá owó tiwọn ni ọ̀kan, pẹ̀lú ata lílọ̀ àti ẹja díndín. Ẹ̀kọ tiwa máa ń yọ̀ lọ́fun. Kẹ́ńkè ní tirẹ̀ fẹ́ kí o bá òun jà ná.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni a dé. Ràímì dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú epo dúdú gáréèjì. "Màámà, akwaaba!" Ẹ káàbọ̀ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ó mú mi wọ tírótíró, bọ́ọ̀sì kékeré tiwọn, kí n lè gbọ́ rédíò náà láàárín ìlú. Ó bẹ awakọ̀, awakọ̀ sì yí rédíò sí i. Ọkùnrin kan ń fi imú kọrin, jìtá ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. A ò tíì dé ibùdókọ̀ kejì tí géńdé kan fi kígbe: "Masa, ta ló kú? Yí i kúrò!" Awakọ̀ yí i. Ìyá àgbà kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Dá a padà jàre! Orí ẹ ni mo gbé e sí?" Awakọ̀ dá a padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí a fi sọ̀ nìyẹn.

"Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?" mo bi Ràímì.

"Màámà, ẹ ó rí i ní Magazine."

Suame Magazine ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Òòlù ń dún lọ́tùn-ún, ó ń dún lósì, mi ò mọ etí tí ènìyàn lè fi gbọ́ rédíò níbẹ̀. Fítà kan, bí wọ́n ṣe ń pe mẹkáníìkì nìyẹn, ní òun gbọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Gbogbo ọkọ̀ tí a de nọ́ọ̀tì rẹ̀ lásìkò orin yẹn ni wọ́n gbé padà wá. Oorun ló ń kùn wá, Màámà."

Ṣùgbọ́n ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ méjì yọ lábẹ́ tírélà, rédíò Ràímì sì ń kọrin láàárín wọn. Kofi lorúkọ ẹni tó ni ẹsẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?" mo bi í.

"Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀," ó dáhùn látìsàlẹ̀. "Ṣùgbọ́n nǹkan ń dun ọkùnrin yẹn gan-an."

"Ìwọ ńkọ́, kí ló ń dùn ọ́?"

"Màámà, ẹ ò rí ohun tó wà lórí mi ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wá túbọ̀ rú mi lójú.

A lọ sí Santasi. Páálí ẹyin ni Ràímì lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rédíò láti òkè délẹ̀. Mo bèèrè ibi tí ẹyin wà. Ó ní páálí ló ń gba ohùn mú. Ibẹ̀ ni a wà tí obìnrin kan wọlé, pupa àti dúdú lára rẹ̀, aṣọ ọ̀fọ̀ àwọn Àṣáńtí. Ìyá rẹ̀ ló kú. Ó fẹ́ kí Ràímì kéde ìsìnkú náà láàárín orin, nítorí rédíò yìí ni ìyá náà ń gbọ́ lórí ibùsùn títí ó fi lọ.

"Sista, ẹ jọ̀ọ́, a kì í kéde òkú," Ràímì wí. "Orin nìkan."

Obìnrin náà yí padà, ó jáde. Mo rọra tẹ̀ lé e, mo bèèrè ọjọ́ orí ìyá. Ó ní ó lé ní àádọ́rùn-ún. Inú mi dùn fún un. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo rẹ́rìn-ín, mo kí i bí a ṣe ń kí ọmọ olókùú àgbà nílé: pé ìyá sùn ire, pé ọmọ ló sin ín, òun kọ́ ló sin ọmọ. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Màámà, gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé ó gbó, ó gbó," ó ní. "Inú orin yìí nìkan ni wọn kì í ti í bi mí léèrè ọjọ́ orí rẹ̀."

"Due," ni mo wí, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ó lọ.

"Lọ pè é padà," mo sọ fún Ràímì.

"Màámà, gbogbo rédíò Kùmásí ló ń kéde òkú. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, kí ló yà mí sọ́tọ̀?"

"Orin rẹ ń ṣọ̀fọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, o wá lé ọlọ́fọ̀ jáde."

Ó wo etí ìró mi. Kò bèèrè kọ́kọ́rọ́, mi ò sì tú u. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọkọ̀ padà.

"Ìyá, ṣé rédíò náà dáa?" Àlàájì Sùlè bi mí lójú ọ̀nà.

"Mi ò mọ̀."

Mi ò mọ̀ lóòótọ́ títí mo fi wọlé mi. Kò sí ẹni tí kì í jẹ ẹja, owó háyà obìnrin ẹlẹ́ja dájú. Orin yẹn, ìdajì ọkọ̀ ń fẹ́ ẹ, ìdajì ń lé e.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo gbá ẹ̀yìnkùlé, mo gbá a dé orí sàréè ìyá tèmi. Òun náà gbó kó tó lọ. A pa màlúù, mo jó títí bàtà mi fi já, wọ́n ń kí mi kú oríire, mo ń dáhùn. Mi ò sunkún. Kò sí ẹni tó fi àyè ẹkún sílẹ̀ fún mi. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó sórí sìmẹ́ǹtì náà, mo sì sun díẹ̀ nínú ẹkún náà.

Lẹ́yìn náà mo bọ́jú, mo lọ sí gáréèjì. Àlàájì Sùlè ti ń kó èrò mìíràn. Mo tú kọ́kọ́rọ́ ní etí ìró, mo fi lé e lọ́wọ́.

"Sọ fún Ràímì pé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kó wá obìnrin aláṣọ pupa yẹn kàn kí wọ́n tó sin ìyá rẹ̀. Orúkọ ìyá náà ni kó kọ́kọ́ pè nínú rédíò níbẹ̀."

"Ìyá, rédíò náà dáa nìyẹn?"

"Mo ní mi ò mọ̀. Ṣáà bá mi mú un lọ."