Ẹni Ìta Tó Wá Yẹ Ilé-Iṣẹ́ Wò

Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti gé ìka méjì lọ́wọ́ Bàdírù, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́, ni ara Wúràọlá kò ti balẹ̀ mọ́. Wúràọlá yìí ló ń mójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ní Ìkòròdú. Ọmọ Ṣakí ni, Ìgbògbò ló háyà ilé sí. Lọ́dún 2006 yẹn, bó bá jókòó, á tún dìde. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á máa wò ó títí á fi tutù.

Àlájì Bísíríyù, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, ránṣẹ́ pè é.

"Wúrà, àwọn oníbàárà wa ńlá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàdírù. Wọ́n ní àfi ká gba ẹni ìta tó mọ̀ nípa ààbò òṣìṣẹ́, kó wá yẹ ibí wò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré la ní."

"Irú ẹni wo lẹ fẹ́, Àlájì?"

"Ẹni tí kò ní dààmú wa."

Ó ní kí Wúràọlá fúnra rẹ̀ wá ẹni náà.

Ọ̀gbẹ́ni Jọláolúwa ló kọ́kọ́ wá, ó wọ kóòtù, ọ̀rọ̀ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ mẹ́ta, ìwé-ẹ̀rí á ti délẹ̀.

"Ṣé ká wọ ibi ẹ̀rọ?" Wúràọlá bi í.

Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. "Kò pọn dandan, mà. Ọ̀kan náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ oníke."

Inú Àlájì dùn sí i. Wúràọlá ní tiẹ̀ kò lè sùn. Nínú ìwé ọkùnrin náà, ó rí orúkọ ibi ìlagi kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ní òun ti yẹ̀ wò rí. Nígbà tó di Sátidé, ó wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Bàbá kan tí lẹ́búlẹ́bú pákó bo irùngbọ̀n rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gbẹ́ni yẹn?" ni bàbá náà wí. "Ọ́fíìsì ló jókòó sí, ọmọ mi. Ó mu mínírà tán, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò pé oṣù kan tí ayùn fi ya ọ̀kan nínú wa lápá. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wá lọ pe Ìyáàfin Agnes pé kó wá yẹ ibí wò. A bú obìnrin yẹn o, torí ó dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ayùn ò tíì ya ẹnikẹ́ni."

Wúràọlá ránṣẹ́ pe Ìyáàfin Agnes kó wá wo ilé-iṣẹ́ náà ná. Lọ́jọ́ Túsìdeè, obìnrin náà dé sí Ìkòròdú pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Kò jókòó. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe Bàdírù fún òun. Ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ńṣe ni wọ́n yọ ìdérí ẹ̀rọ náà kí iṣẹ́ lè yá. Lẹ́yìn náà ló rìn dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bá àgádágodo níbẹ̀.

"Ta ló tì í?"

  Àwọn kan ń gba ibẹ̀ jí bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ lọ́dún tó kọjá, ni Wúràọlá fi tì í. Inú báàgì rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà.

"Èmi ni, mà."

"Bí iná bá sọ níhìn-ín, ibo lẹ fẹ́ kí ènìyàn mọ́kànlélógójì gbà jáde?"

Wúràọlá yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn náà. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, ńṣe ló ń rìn láti ọ́fíìsì dé géètì, láti géètì dé ọ́fíìsì. Bó bá mú Jọláolúwa, ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó wọlé tọ Àlájì lọ.

"Ìyáàfin Agnes ni mo mú, sà."

"Obìnrin yẹn á dààmú wa!"

"Ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn yẹn. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àlájì kò fi dáhùn ìkíni rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bu ọwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi gba Ìyáàfin Agnes.

Ìyáàfin Agnes dá ẹ̀rọ dúró fún odidi ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n dá ìdérí padà. Lọ́jọ́ kejì, ó fun fèrè, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ gba ẹ̀yìn sáré jáde. Wọ́n ń forí gbára, wọ́n ń pariwo. Wúràọlá ka orí wọn: ogójì. Ó tún un kà. Ogójì náà ni, ó ku ẹnì kan. Ó sáré padà sínú, ó ń ké, àfi bó ṣe bá Dùnsìn, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, nílé ìgbọ̀nsẹ̀, tí kò gbọ́ fèrè rárá.

Ìyáàfin Agnes wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ padà sínú," ni ó wí. "A ó tún un ṣe."