Ọlọ́pàá Tó Dúró Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Mi ò ṣèèṣì gbé fíìmù yẹn lọ sílé bàbá wa ní Ẹ̀fọ̀n. Láti Àrámọ̀kọ tí mo ti ń ṣe tíṣà ni mo ti múra rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ti rí iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọjọ́ kejì ni yóò lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, bàbá sì kọ̀ láti gbàdúrà fún un. Ọlọ́pàá ni bàbá fúnra rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì sídìí kòkó. Kò bínú, kò sì lé e. Ó kàn ní kò sí àdúrà iṣẹ́ yẹn lẹ́nu òun. Nílé tiwa, ta ló jẹ́ gbéra lọ sẹ́nu iṣẹ́ láìgba àdúrà bàbá? Àbúrò mi di ẹrù tán, ó ń sunkún. Mo ní fíìmù yìí, tí mo gbọ́ pé ọlọ́pàá ti ń fìyà jẹ èèyàn nínú rẹ̀, ni yóò bá wa lé iṣẹ́ ọlọ́pàá kúrò lọ́kàn àbúrò mi.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹ iyán. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí àga. Atẹ́gùn òkè ń pariwo, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn ká lè gbọ́ràn. Bàbá kọ̀, bó ṣe máa ń kọ̀ láti kékeré wa. Gbayawu ni ilẹ̀kùn ilé wa máa ń wà, ọyẹ́ ì báà máa pa wá.

Ìlú òkèèrè kan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan gbé ìbọn dìde sí ìjọba, kì í ṣe nínú igbó o, ní ìgboro ni, wọ́n ń ra búrẹ́dì láàárọ̀ bí èmi àtìrẹ. Wọ́n jí ẹni ńlá kan gbé. Mò ń ka èdè òyìnbó tó ń hàn nísàlẹ̀, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá.

"Ajínigbé lásán," ni bàbá wí. Lójú ọ̀nà tiwa níbí lóde òní, ta ni yóò bá a jiyàn?

Àmọ́ ẹni tó ṣe fíìmù yẹn mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bí inú bá ṣe ń bí mi sí àwọn ọ̀dọ́ náà, á fi ìyá ọ̀kan nínú wọn hàn mí, tó ń gbé oúnjẹ pamọ́ de ọmọ rẹ̀. Bí àánú wọn bá ti ń ṣe mí, á fi ẹni ńlá yẹn hàn nínú ìdè, tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún òun ní awò ojú òun. Kò sí orin aláriwo, kò sí ẹni tó ń fi ìbọn ṣe fáàrí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, torí pé kò wúlò fún ohun tí mo gbé e wá ṣe. Àbúrò mi ti gbàgbé ẹkún, ó ń sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ni ọlọ́pàá bá mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà wọ yàrá kan. Fíìmù kò bá wọn wọlé. Ilẹ̀kùn ló fi hàn wá, ó tì pa, ọlọ́pàá kékeré kan dúró síwájú rẹ̀. Igbe ń jáde láti inú. Bàtà rẹ̀ ni ọlọ́pàá náà ń wò. Kò sí ohun tí mo lè túmọ̀ níbẹ̀.

"Dá a dúró," ni bàbá wí. Ó na ìka sí ọlọ́pàá ẹnu ilẹ̀kùn náà. "Èmi rèé."

Mo dá fíìmù náà dúró.

"Wọn ò ní kí n na ẹnikẹ́ni rí. Ulẹ̀kùn ni wọ́n ní kí n ṣọ́. Mo sì ṣọ́ ọ dáadáa."

Ilẹ̀kùn ilé wa ni mo wò, tí atẹ́gùn ń ti síwá sẹ́yìn. Àánú bàbá ṣe mí gidigidi. Àbúrò mi kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọmọ mi, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí o ṣọ́ ulẹ̀kùn, kí Olúwa fún ẹ lágbára láti ṣí i."

Èmi tí mo wá dá àbúrò mi dúró, àmín tèmi ló ròkè jù.