Ọjọ́ Tí Fánásì Di Túbọ̀mu Dattaram Mú

Bí wọ́n bá ní ká ka àwọn olórí kunkun abúlé kan létí òkun, Dattaram Gawas ni a ó kọ́kọ́ kà, ká tó ka ẹfọ̀n rẹ̀. Àgbọn, máńgòrò, kajú, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe dáadáa lóko rẹ̀, àmọ́ ohun méjì ló fi ń yangàn: túbọ̀mu rẹ̀ tó lọ́ sókè bí ìwo àgbò, àti igi fánásì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Èso ẹlẹ́gùn-ún ni fánásì, ó máa ń tóbi ju ewúrẹ́ lọ, oje rẹ̀ sì burú ju àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ.

Lọ́jọ́ tí àwọn àna ń bọ̀ wá wo Kusum, ọmọbìnrin rẹ̀, fún ọmọkùnrin wọn, Dattaram ní èyí tó tóbi jù lòun máa gé fún wọn. Shevanti, ìyàwó rẹ̀, gbé àdín àgbọn tọ̀ ọ́ wá nídìí igi.

"Bàbá Kusum, ẹ fi èyí pa ọwọ́, ẹ fi pa ojú pẹ̀lú."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní fánásì? Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gé e!"

"Ọgbọ̀n ọdún náà ni mo ti ń bó oje lára yín."

Dattaram ti àdín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gun àkàbà, ó gé èso náà lọ́rùn. Bó ṣe já, ẹ̀rù bà á kó má lọ fọ́, ló bá gbá a mọ́ra bí ìyàwó tuntun. Òun àtèso jọ balẹ̀ gbì. Nígbà tó ní kóun gbórí sókè, túbọ̀mu kò tẹ̀ lé e.

"Ìyá Kusum! Gbà mí o!"

"Ẹ rọra pariwo, àwọn àna ti dé."

Jaganath, bàbá ọkọ, yọjú sẹ́yìnkùlé, ó rí ọkùnrin tó fẹnu ko èso lẹ́nu.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kí fánásì lábúlé yín níbí?"

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ jókòó," Dattaram ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ má wò mí."

Jaganath ní kóun ràn án lọ́wọ́, ló bá di èso náà mú. Kíá, àyà ẹ̀wù funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Àna méjì, fánásì kan.

Kusum, tí wọ́n ti ní kó máa wolẹ̀ bí ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bú sẹ́rìn-ín títí ife tíì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú àlùmọ́gàjí.

"Bàbá, apá ọ̀tún túbọ̀mu ni kí n gé àbí apá òsì?"

"Dá òsì sí, ọmọ mi!"

Uday, ọkọ àfẹ́sọ́nà, fi àdín pa ọwọ́, ó di èso mú fún Kusum títí tó fi gé apá ọ̀tún. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, wọn ò lè wojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó tún bi Kusum bóyá ó gbà.

Nígbà tí wọ́n la fánásì, kò tíì pọ́n rárá. Shevanti sè é lọ́bẹ̀, Jaganath sì wọ ẹ̀wù Dattaram, tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò pàdé, ó jẹ àwo mẹ́ta.