Ọkọ̀ Pupa Tí Ìyá Mi Kò Fẹ́ Wọ̀

Ọkọ̀ mi pupa fòò, ó sì kúrú débi pé ewúrẹ́ àdúgbò lè gun orí rẹ̀ láìfò. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní bí ọkọ̀ ẹlẹ́bí yòókù, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é fi ẹ́ńjìnnì eré-ìje sínú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ iléèwé ni irú rẹ̀ ti wọ̀ mí lójú. Dókítà kan ló ní ọ̀kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa, nígbà náà. Bó bá ti ń sọdá rélùwéè, mo ti mọ ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo di olùkọ́ ìṣirò, tí mo rí àlòkù ọkọ̀ yìí rà ní Kutọnu, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Tí mo bá ti jíà kejì bọ́ sí ìkẹta, tí ẹ́ńjìnnì sì bú ramúramù, inú mi a máa dùn, ojú ò tì mí láti sọ ọ́.

Ìyá mi ni kò fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ̀ ọ́ láàárín ọdún méjì, tìbínú-tìbínú ló sì ń sọ̀ kalẹ̀. "Orúnkún ń dùn mí," ni ó máa ń wí. Síbẹ̀, bó bá fẹ́ lọ sóko rẹ̀ ní Kaboua, sémíjàn, alùpùpù akérò, ló ń gùn lọ, pẹ̀lú orúnkún kan náà. Ọkọ̀ tí ìyá ẹni ò fẹ́ wọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Mo bínú, mo sunkún díẹ̀, mo ní n ó tà á.

Òǹrajà dé láti Parakú láàárọ̀ Sátidé, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ta táyà níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wà á wò. Ni ìyá mi bá yọ láti ilé ìdáná.

"Kí àjèjì wa ọkọ̀ ọmọ mi lọ? Mo ń bá yín lọ!"

Kí n tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, ó ti jókòó síwájú, àpò lórí itan. Èmi ni mo wọ ẹ̀yìn.

Mi ò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn rí. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, ooru mú mi, mi ò sì rí nǹkan kan àfi gèlè ìyá mi. Ibẹ̀ ni mo fi í sí lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, torí wọ́n kọ́ mi pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni à ń fi ẹni ńlá sí. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún un.

A dé ọ̀nà ọlọ́dà, ọkùnrin náà bọ́ sí jíà kẹta. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyá mi di ilẹ̀kùn mú, mo rò pé ó fẹ́ kígbe ni, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ̀rù ò bà yín?" ni òǹrajà wí.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Tún ṣe é!"

Nígbà tí a padà délé, ìyá mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó ti sọ fún ọkùnrin náà pé, "Ọmọ mi, o ṣé, o mọ ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe títà." Ó fún un ní iṣu méjì kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo.

Mo ní, "Ìyá, orúnkún ńkọ́?"

"Orúnkún wo? Ọdún méjì lo fi ń kó mi sẹ́yìn bí àpò kajú. Ṣé o bi mí rí ibi tí mo fẹ́ jókòó sí?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Mo ń wò ó bóyá wàá bi mí ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Ní báyìí, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sí Kaboua. Níbi tí kòtò bá pọ̀, òun fúnra rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn kọjá kí ikùn ọkọ̀ má baà ha ilẹ̀, á tún padà sí ìjókòó iwájú. Láàárọ̀ yìí, mo ṣì ń wá bàtà mi tí fèrè ọkọ̀ ti ń dún níta. Mo sáré jáde. Ìyá mi ti jókòó sí àyè awakọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà.

"Èwo ni ìkẹta níbẹ̀?" ló bi mí.